Ọjọ́ Tí Ọlọ́pàá Bá Dá Kọ́kọ́rọ́ Bárékè Padà

Òfin Iṣẹ́ Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 kò fi ọjọ́ ìfẹ̀yìntì sọ́wọ́ ìfẹ́ inú ẹnikẹ́ni. Ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ tàbí 60 ọdún lókè eèpẹ̀, èyí tó bá kọ́kọ́ pé nínú méjèèjì ni yóò dá ọlọ́pàá padà sílé. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹni tó wọṣẹ́ ní ọmọ ọdún 25, ọjọ́ orí rẹ̀ àti ọdún iṣẹ́ rẹ̀ á jọ pé pọ̀ ni. Ẹni tó wọ̀ ọ́ ní ọmọ ọdún 18, bí ọ̀pọ̀ kọ́ńsítébù ti ń ṣe nígbà tí owó ilé-ìwé bá ti tán nílé, ọmọ ọdún 53 ni yóò jẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kó máa lọ. Ní ọjọ́ orí yẹn ara ṣì le, àbíkẹ́yìn lè ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdírì, gbèsè ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sì lè má tíì tán lọ́rùn.

Àdúgbò kan náà ni ìyàtọ̀ wà. Ní Yaba, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Èkó ní Akoka lè ṣiṣẹ́ dé 70 ọdún. Adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga náà, láti ìgbà àtúnṣe ìwé òfin ilẹ̀ ní 2023, 70 ni tirẹ̀. Òfin àpapọ̀ ti 2022 sún ti àwọn olùkọ́ sí 65. Ọlọ́pàá tésàn Sábó, tó ń ṣọ́ ọ̀nà tí gbogbo wọn ń gbà kọjá, ni 60 ṣì dè mọ́lẹ̀. Ẹnìkan ṣoṣo ni òfin yọ sọ́tọ̀: ní 2024, àwọn aṣòfin ṣe àtúnṣe kan tó jẹ́ kí ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá pátápátá lè lo ọdún mẹ́rin rẹ̀ tán lórí àga, bó tilẹ̀ ti pé 60. Kayode Egbetokun, tó wà nípò náà nígbà yẹn, pé 60 ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2024, ó sì bá iṣẹ́ lọ nígbà náà. Ínsípẹ́kítọ̀ tó bá pé 60 lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú rẹ̀ ti di ẹrù rẹ̀.

Láti rí ọ̀rọ̀ náà dáadáa, kí ojú wà lára àwọn tó wọṣẹ́ ní 1990. Ọdún 2025 ni 35 wọn pé. Àwọn ni wọ́n kó jáde sójú títì Mushin àti Ojúẹlẹ́gba nígbà rògbòdìyàn June 12 ní 1993, àwọn ni sájẹ́ǹtì nígbà ìyanṣẹ́lódì ọlọ́pàá ní 2002, àwọn náà ló sì ti di ọ̀gá kéékèèké ní tésàn nígbà ìwọ́de EndSARS ní 2020. Ìran yìí ló ń kó ẹrù jáde báyìí, ọ̀nà wọn ni ti àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò sì jọ.

Nínú ìwé ìròyìn, tí ọ̀rọ̀ ìfẹ̀yìntì ọlọ́pàá bá dé, owó ni wọ́n ń sọ. Owó ṣe pàtàkì lóòótọ́, yóò sì kàn án láìpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbé bárékè rí mọ̀ pé ilé ni nǹkan tó kọ́kọ́ ń já ènìyàn láyà. Ọ̀rọ̀ ilé yìí ti pẹ́ ní Èkó ju iṣẹ́ ọlọ́pàá tí wọ́n ń ṣe lónìí lọ. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, àwọn ọmọ Hausa ló pọ̀ jù nínú ẹ̀ṣọ́ tí John Hawley Glover kó jọ láti máa ṣọ́ ìlú. Nígbà tí wọ́n dàgbà kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò padà sí ilẹ̀ Hausa mọ́, Èkó ni wọ́n fìdí kalẹ̀ sí. Ìtàn tí àwọn ará Ọbálendé ń pa ni pé ìjọba ló ṣí àwọn baba ńlá wọn nídìí kúrò níbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, tó lé wọn dé ibi tí wọ́n wà yìí, ibẹ̀ ni orúkọ náà ti jáde: Ọba lé ń dé. Láti ara ẹ̀ṣọ́ Glover ni Hausa Constabulary ti 1879 ti wá. Ní 1896 wọ́n dá ọlọ́pàá Èkó sílẹ̀ lọ́tọ̀, ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹrin, ọdún 1930 ni wọ́n sì da ti Àríwá àti ti Gúúsù pọ̀ di ọlọ́pàá Nàìjíríà kan ṣoṣo. Àwọn akọ́dà àti ọlọ́pàá ìbílẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ fún ọba àti fún káńsù nílẹ̀ Yorùbá, ìjọba ológun tó dé ní 1966 ló tú wọn ká. Wọ́n mú àwọn kan wọ inú ọlọ́pàá àpapọ̀, àwọn yòókù padà sóko.

Bárékè jẹ́ ìlú kan láàárín ìlú. Yàrá kan àti pálọ̀ ni ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá tí kò tíì dé ipò ọ̀gá ń rí gbà níbẹ̀, ọmọ márùn-ún lè dàgbà nínú rẹ̀. Kọ́tìnì ni wọ́n fi ń pín yàrá sí méjì. Ìlà omi wà níta, ilé ìdáná wà lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ tí tọkọtaya bá sọ lóru, aládùúgbò ti gbọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ní olórí tiwọn, Mágàjíyà, orúkọ Hausa tó ṣẹ́kù láti ayé Glover àti àwọn tó tẹ̀ lé e. Mágàjíyà ló ń parí ìjà orí omi, òun ló ń kó àwọn ìyàwó jọ nígbà òkú àti nígbà ìgbéyàwó, tó bá sì bínú sí ènìyàn, ẹni náà á jẹ ìyà rẹ̀. Níbẹ̀, iṣẹ́ ọkọ ni orúkọ ìyàwó: Ìyàwó Sájẹ́ǹtì, Ìyá Ínsípẹ́kítọ̀. Orúkọ náà kì í bá a jáde ní géètì.

Lọ́jọ́ ìfẹ̀yìntì, ohun ìjọba ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà padà: káàdì ìdánimọ̀, béréètì, bẹ́líìtì, aṣọ dúdú, ìbọn tí ó bá wà lọ́rùn ẹni náà nínú ìwé. Akọ̀wé á máa fi báírò mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ti àwọn ọ̀gá ńlá, wọ́n ń to ọlọ́pàá síta kí wọ́n sálúùtù fún wọn ní ìgbà ìkẹyìn, ẹgbẹ́ akọrin ọlọ́pàá á fọn kàkàkí, àwọn ọmọ abẹ́ wọn á fi okùn fa mọ́tò tí wọ́n dúró sí. Sájẹ́ǹtì kò ní irú ẹ̀yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ní káńtà á ra mínírà, wọ́n á ní, "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ jẹun ọmọ," ó parí. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ yóò wáyé, nítorí pé ẹlòmíràn ti ń dúró de yàrá yẹn láti ọjọ́ pípẹ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í rántí ni pé lọ́jọ́ tí ọkọ fẹ̀yìntì, ìyàwó náà pàdánù ọjà rẹ̀. Obìnrin tó ti fi ogún ọdún ta ẹja yìnyín tàbí ìrẹsì àti ẹ̀wà nínú bárékè, gbogbo oníbàárà rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n wà. Ó mọ ẹni tó ń san gbèsè lópin oṣù àti ẹni tó ń sá. Tí wọ́n bá kó lọ sí Mówè tàbí Ìbàfò, ó di pé kó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ níwájú àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Owó tó ń wọlé lọ́dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti fi ń gbọ́ bùkátà látijọ́, nítorí náà kì í ṣe owó oṣù ọkọ nìkan ló dáwọ́ dúró. Ẹbí tó bá gbọ́n a máa kó ọjà ìyàwó jáde kúrò ní bárékè ní ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ṣáájú, kí ó ti ní ìsọ̀ ní Ojúwòyè tàbí Tẹ̀júoṣó kí ọjọ́ tó pé.

Wíwá ilé háyà kò rọrùn. Gbogbo Èkó ló mọ̀ pé ọ̀pọ̀ onílé ní Surulere kì í fẹ́ gba ọlọ́pàá tàbí lọ́yà. Wọ́n ní tí wọ́n bá jẹ owó ilé, ta ni yóò lé wọn jáde? Ìbẹ̀rù yìí kì í tètè kúrò lára ẹni tó ti bọ́ aṣọ. Òfin ilé gbígbé ti ìpínlẹ̀ Èkó, ti 2011, kò gba onílé láyè láti béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, àmọ́ ẹni tó ti wá ilé ní Yaba rí mọ̀ bí òfin náà ṣe ń rí níwájú ejẹ́ǹtì. Kí owó ilé, owó ejẹ́ǹtì àti owó àdéhùn tó tán, wọ́n ti gé apá ńlá kúrò nínú owó ìfẹ̀yìntì.

Ìdí nìyí tí àwọn tó fẹ̀yìntì sínú ilé ara wọn fi ń dúró gedegbe láàárín ẹgbẹ́. Ọ̀nà mélòó kan ni wọ́n gbà kọ́ ọ. Àwọn kan lọ sí iṣẹ́ ìpẹ̀tùsáàwọ̀ ti Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè Àgbáyé. Láti Congo ní 1960 ni ọlọ́pàá Nàìjíríà ti ń bá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ, dọ́là tí wọ́n kó bọ̀ láti Làìbéríà tàbí Darfur ló gbé òrùlé sórí ilé púpọ̀ ní Ọ̀tà àti Àgbádó. Àwọn mìíràn yá owó lọ́wọ́ NPF Microfinance Bank, tó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí báńkì àwùjọ ní 1993, tí oríkò rẹ̀ wà ní Ọbálendé kan náà. Èyí tó pọ̀ jù ra ilẹ̀ ìdajì púlọ́ọ̀tì nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó, wọ́n sì ń kó búlọ́ọ̀kù díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Ọmọ onílẹ̀ gba owó ìpìlẹ̀ lọ́wọ́ wọn bó ti ń gbà á lọ́wọ́ gbogbo ayé, kìkì pé wọ́n ń dín in kù díẹ̀ bí ẹni tó ń kọ́lé bá wọ aṣọ dúdú wá. Owó kan tún wà tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń gbàgbé: ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tí wọ́n bá ń yọ fún àpò owó ilé gbígbé ti orílẹ̀-èdè, lábẹ́ òfin 1992. Ẹni tó bá fẹ̀yìntì láìyá nínú rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti gba tirẹ̀ padà pẹ̀lú èlé. Ó ní láti béèrè ni, wọn kì í gbé e wá bá ènìyàn nílé.

Owó wá kàn. Títí di 2004, àpò ìjọba ni owó ìfẹ̀yìntì ọlọ́pàá ti ń jáde tààrà. Wọ́n á ka ọdún iṣẹ́, wọ́n á san owó gọbọi kan lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á sì máa san díẹ̀ lóṣooṣù títí ẹni náà á fi kú. Òfin tí wọ́n ṣe ní oṣù Kẹfà ọdún 2004 yí i padà. Láti ìgbà náà, òṣìṣẹ́ ń dá, ìjọba ń dá, gbogbo rẹ̀ ń lọ sínú àkáǹtì tó jẹ́ orúkọ òṣìṣẹ́ náà. Lákọ̀ọ́kọ́, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá. Òfin tuntun ti 2014 sọ ti òṣìṣẹ́ di 8, ti ìjọba di 10. Láti ọdún 2014 kan náà ni àwọn ọlọ́pàá ti ní ilé-iṣẹ́ tiwọn tó ń tọ́jú owó náà, NPF Pensions.

Fún ẹni tó wọṣẹ́ ní 1990, ọdún 14 ló wà lábẹ́ ètò àtijọ́, 21 lábẹ́ ti tuntun. Ọdún 14 yẹn kò sọnù. Ìjọba ṣírò rẹ̀ sílẹ̀ bí gbèsè tí yóò san sínú àkáǹtì rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá ń lọ, láti inú àpò kan tó wà ní Báńkì Àpapọ̀. Níbí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti máa ń há. Tí ìjọba kò bá san tirẹ̀ sínú àpò yẹn lásìkò, àkáǹtì ẹni tó fẹ̀yìntì kò ní kún, kò sì ní rí nǹkan gidi gbà. Gbèsè irú èyí ga débi pé ní oṣù Kejì 2025, Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Àpapọ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n fi bọ́ńdì yá bílíọ̀nù 758 náírà láti san án.

Tí àkáǹtì bá wá kún tán, ẹni tó ni ín kò lè kó gbogbo rẹ̀ lọ. Òfin ní kí ó fi iye tó pọ̀ tó sílẹ̀, tí owó oṣooṣù tí yóò máa gbà kò fi ní kéré ju ìdajì owó iṣẹ́ rẹ̀ ìkẹyìn lọ. Ìyókù ni ó lè gbà lẹ́ẹ̀kan. Ìyókù yìí ló ń bí ọ̀pọ̀ nínú. Owó oṣù kọ́ńsítébù kéré láti ìbẹ̀rẹ̀, ìdá 8 nínú ohun kékeré, kékeré náà ni, nígbà tí wọ́n bá sì ti yọ èyí tó gbọ́dọ̀ dúró, ohun tó máa ń bọ́ sí ẹni náà lọ́wọ́ kì í tó ilẹ̀ rà ní Ìkòròdú. Fún èyí tó dúró, ọ̀nà méjì ló wà. Ó lè jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ owó ìfẹ̀yìntì máa bù ú fún un lóṣooṣù, tó bá sì kú kí ó tó tán, ìyókù di ti àwọn ajogún. Ó sì lè gbé e fún ilé-iṣẹ́ adójútòfò, tí yóò máa san iye kan náà fún un títí ọjọ́ ikú. Ẹni tí ẹ̀mí gígùn wà nínú ìdílé rẹ̀ sábà máa ń wo ti ìkejì. Wọ́n kì í sáré yàn án ṣá, kí ènìyàn mú ìwé náà relé kí ó kà á.

Ẹ̀dùn ọkàn àwọn ọlọ́pàá pọ̀ sí i ní 2011, nígbà tí ìjọba yọ àwọn ológun àti àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kúrò nínú ètò yìí, tí wọ́n sì fi ọlọ́pàá sílẹ̀ níbẹ̀. Sọ́jà àti ọlọ́pàá jọ ń dúró lójú ọ̀nà kan náà, ìbọn kan náà ń ró lé wọn lórí, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá délé, ètò wọn kò jọra. Ní ọjọ́ 21, oṣù Keje, ọdún 2025, àwọn ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìntì, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ arúgbó, jáde lábẹ́ òjò ní Abuja láti béèrè pé kí wọ́n yọ àwọn náà. Omoyele Sowore, ajàfẹ́tọ̀ọ́-ọmọnìyàn, wà pẹ̀lú wọn. Ó ṣòro láti rí ẹni tó máa wo àwòrán ọjọ́ náà tí kò ní ṣàánú wọn.

Síbẹ̀, ètò àtijọ́ tí wọ́n fẹ́ padà sí kì í ṣe ibi ìsinmi. Nínú ọ́fíìsì tó ń bójú tó o ni olè jíjà ti ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Kìíní 2013, John Yusufu, tó jẹ́ igbákejì ọ̀gá kan ní ọ́fíìsì owó ìfẹ̀yìntì ọlọ́pàá, gbà níwájú adájọ́ pé òun lọ́wọ́ nínú jíjí bílíọ̀nù náírà lọ́nà ogún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀wọ̀n ọdún méjì tàbí ìtanràn 750,000 náírà ni wọ́n dá fún un, ó sì san ìtanràn lójú ẹsẹ̀. Ariwo ìlú lórí ìdájọ́ náà kò tán títí ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fi sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà ní 2018. Ọdún 2013 kan náà ni ìjọba dá àjọ PTAD sílẹ̀ láti máa sanwó fún àwọn àgbàlagbà tó ṣì wà lábẹ́ ètò àtijọ́. Orúkọ ètò kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó di kọ́kọ́rọ́ àpótí mú.

Lórí iṣẹ́ tí wọ́n lè fi ọwọ́ mú lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì, ìwé òfin ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ti la ọ̀nà kan sílẹ̀. Ìlànà ìwà òṣìṣẹ́ ìjọba nínú òfin 1999 kò gba òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ láyè láti máa ṣòwò tirẹ̀, iṣẹ́ àgbẹ̀ nìkan ni ó yọ sílẹ̀. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé adìyẹ, ẹja àrọ̀ àti oko ẹ̀gẹ́ ni ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá ti máa ń dán wò kí wọ́n tó fẹ̀yìntì. Ẹni tó bá ti sin ẹja fún ọdún mẹ́ta nígbà tí owó oṣù ṣì ń wọlé yóò ti mọ ohun tí oúnjẹ ẹja ń náni, yóò ti pàdánù adágún ẹja kan rí. Ẹni tó bá dúró títí owó ìfẹ̀yìntì fi jáde kó tó bẹ̀rẹ̀, owó yẹn ni yóò fi kọ́ṣẹ́.

Èyí tó pọ̀ jù ń lọ sí iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́. Surulere, Yaba àti Mushin kún fún ibi tó ń wá irú wọn: ilé-ìfowópamọ́, ilé-ìwé gíga, ilé-ìwòsàn, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ní Ìlúpéjú. Òfin tó ń darí àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ aládàáni, láti 1986, kò gbà wọ́n láyè láti gbé ìbọn. Nítorí náà, ọkùnrin tó gbé ìbọn fún 35 ọdún lè bá ara rẹ̀ ní géètì pẹ̀lú kóńdó àti tọ́ọ̀ṣì, kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jẹ́ ọmọ ọdún 28 máa pè é ní "Bàbá géètì". Àwọn kan kò lè gbà á mọ́ra, wọ́n á fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín oṣù kan. Àwọn mìíràn ti rí i pé àyà wọn balẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ: kò sí ẹni tí wọ́n ń lé, wọ́n sì ń sùn nílé ní àárín ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣe ọ̀gá rí máa ń rí iṣẹ́ olórí ẹ̀ṣọ́, pẹ̀lú ọ́fíìsì àti owó tó dára. Nígbà tí ìpínlẹ̀ Èkó dá àwọn ẹ̀ṣọ́ àdúgbò sílẹ̀ ní 2016, ẹni tí wọ́n fi ṣe alága ni Israel Ajao, tó ti fẹ̀yìntì ní ipò igbákejì ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá (DIG). Ní London náà, kì í ṣe nǹkan àjèjì láti bá ẹni tó ti ṣe ọlọ́pàá ní Èkó níwájú sọ́ọ̀bù ní Peckham, pẹ̀lú ìwé àṣẹ iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ (SIA) lọ́rùn.

Àwọn tó lọ jìnnà jù ni àwọn tó ti kọ́ nǹkan mìíràn mọ́ iṣẹ́. Kò sí àpẹẹrẹ tó hàn sí ojú ju ti Ọba Èkó lọ. Rilwan Akiolu, tí wọ́n bí ní 1943, wọṣẹ́ ọlọ́pàá ní 1970, ó sì kàwé òfin di amòfin. Ní 2002 ó fẹ̀yìntì ní ipò olùrànlọ́wọ́ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá (AIG). Ní ọdún kejì, 2003, ó gun orí ìtẹ́ ní Ìgà Ìdúngánrán. Ìdílé ọba kì í ṣe ohun tí gbogbo ọlọ́pàá ní, ó dájú, àmọ́ ìwé òfin náà wà lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́. Ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá tó ti kàwé lálẹ́ ń dúró ní kóòtù Yaba àti ti Surulere lónìí gẹ́gẹ́ bí amòfin, níwájú àwọn tí wọ́n ń pè ní ọ̀gá nígbà kan.

Ohun kan ṣì kù tí kò sí nínú ìwé kankan, ìyẹn ni orúkọ. Ní àwọn ibi bíi Ìdí-Orò àti Ọlọ́sàn, àdúgbò mọ ọlọ́pàá tó ń gba owó lọ́wọ́ ọlọ́kadà, ó mọ ẹni tó gba béèlì lábẹ́ pátákó tí wọ́n kọ "Bail is free" sí, ó sì mọ ẹni tó jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ sùn nílé. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ọlọ́pàá tó bá ti fi ojú àwọn ọmọdékùnrin àdúgbò rí màbo kì í lè gbé ibẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì, ìyẹn sì wà lára ohun tó ń lé wọn dé Mówè. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ mọ́, ẹgbẹ́ onílé ni yóò wá a wá láti fi ṣe alága ètò ààbò, kódà kó má tíì pé ọdún kan tó kó dé.

Ìran 1990 ti rí ojú méjèèjì. Ní ọjọ́ 1, oṣù Kejì, ọdún 2002, ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn tí àdó olóró bú gbàmù ní bárékè sọ́jà ní Ìkejà, àwọn ọlọ́pàá kéékèèké dáṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó tí wọn kò rí gbà. Lọ́jọ́ kejì, ìjà Hausa àti Yorùbá bẹ́ sílẹ̀ ní Ìdí-Àràbà ní Mushin, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì ṣòfò kí àwọn sọ́jà tó pa iná rẹ̀. Àwọn ará Mushin tó la ọjọ́ yẹn já mọ bí àdúgbò ṣe ń rí láìsí ọlọ́pàá. Ọdún 18 lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 20, oṣù Kẹwàá, ọdún 2020, nígbà EndSARS, àdúgbò kan náà ló ń sọ òkò sí tésàn. Ti Orílé-Ìgànmú jóná. Nínú àwọn tó sá jáde láti ẹ̀yìn tésàn lọ́jọ́ wọ̀nyẹn, àwọn kan kò ní ju ọdún márùn-ún lọ tó kù fún wọn. Ọ̀pọ̀ ka ọdún márùn-ún yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó bá fẹ́ kí ìrìn náà rọrùn ní ohun díẹ̀ tí ó gbọ́dọ̀ ṣe nígbà tí ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Kí ọjọ́ ìbí tó wà nínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀ bá ti nọ́ńbà ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè (NIN) mu, nítorí pé bí méjèèjì bá yàtọ̀, ìwé rẹ̀ yóò dúró sójú kan nígbà tí ti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ. Ní ọdún tí ó kù kó fẹ̀yìntì, kí ó forúkọ sílẹ̀ nínú àyẹ̀wò tí PenCom, àjọ tó ń ṣàkóso owó ìfẹ̀yìntì, ń ṣe fún àwọn tó fẹ́ lọ. Kí orúkọ ajogún tó wà nínú ìwé rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó fẹ́ ní tòótọ́, nítorí pé òfin 2014 ní kí ìjọba dójútòfò fún ẹ̀mí òṣìṣẹ́ ní ìlọ́po mẹ́ta owó ọdún rẹ̀. Ọlọ́pàá tó bá kú lẹ́nu iṣẹ́, ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ ni yóò dá kọ́kọ́rọ́ bárékè náà padà.

Iṣẹ́ kan wà tí kì í tán lọ́jọ́ náà. Ẹjọ́ tó bá fúnra rẹ̀ wádìí ṣì lè wà ní kóòtù ní ọdún márùn-ún lẹ́yìn tó ti lọ. Òun ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu afurasí ní ọ́fíìsì ìwádìí ọ̀daràn ní Pánti, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi kọ ọ́, òun ni agbẹjọ́rò yóò fẹ́ bi léèrè. Nígbà tí ìwé ìpè bá dé láti Yaba, ó gbọ́dọ̀ dìde láti Mówè ní ìdájí, kí gọ̀sílóòó tó mú un ní Bẹ́gà, lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì títí wọ́n á fi pe ẹjọ́ náà tàbí sún un síwájú. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, àpò ara rẹ̀ ni owó ọkọ̀ ti ń jáde.